Ẹjọ́ Iná Ẹ́ńjìnì: Bí A Ṣe Lè Wádìí Rẹ̀ Nílé Ká Tó Náwó

Ẹ káàsán o. Ẹ̀yin àgbà tó wà níjokòó, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti ń tẹ fóònù kí n tó la ẹnu, n ò ní kí ẹ gbé e sílẹ̀ o. A máa lò ó láìpẹ́.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iná kékeré kan. Ó pọ́n bí ìyeyè, àwòrán ẹ́ńjìnì ló yà, iwájú awakọ̀ gan-an ló sì máa ń yọjú sí. Ta ni nínú wa tí kò tíì bá a pàdé rí? N ò rí ọwọ́ kankan. Ó dáa. Ta ló ti fi téèpù dúdú bò ó mọ́lẹ̀ rí kí ojú rẹ̀ lè sinmi? Ẹ má rẹ́rìn-ín! Mo rí ọwọ́ mẹ́ta, ẹ ṣé tí ẹ sòótọ́. Èmi náà ṣe é rí, lọ́dún tí mo kọ́kọ́ ní ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: n kì í ṣe mẹkáníìkì. Oníbàárà mẹkáníìkì ni mí, ẹni tó ti fi àìmọ̀ náwó títí tó fi sú u, tó wá ní òun á máa gbọ́ ẹjọ́ ọkọ̀ òun fúnra òun. Mo sì pè é ní ẹjọ́ nítorí ohun kan. Kóòdù, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà tí iná yẹn gbé pamọ́, kì í ṣe orúkọ ohun tí ẹ máa lọ rà lọ́jà. Ẹ̀rí ni. Ẹlẹ́rìí wá sí kóòtù, ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ṣé ẹlẹ́rìí la máa ń sọ sẹ́wọ̀n ni?

Ọ̀nà mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ mi pín sí, wọn ò sì gùn dọ́gba. Ẹ̀kẹta ló máa jẹ àsìkò wa.

Ẹ jẹ́ ká mú àkọ́kọ́: ta ló ń tan iná yìí?

Kọ̀ǹpútà kan wà nínú ọkọ̀ yín tó ń ṣiṣẹ́ ọpọlọ. Kò ní ojú, kò ní etí. Àwọn sẹ́ńsọ̀ ló ń jíṣẹ́ fún un. Ọ̀kan ń wọn atẹ́gùn tó ń wọ ẹ́ńjìnì. Ọ̀kan ń wo bí omi ẹ́ńjìnì ṣe gbóná tó. Ọ̀kan wà lára páìpù èéfín, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa gbóòórùn èéfín kó lè mọ bí ọ́síjìn ṣe ṣẹ́ kù níbẹ̀ tó. Bí ìròyìn wọn bá takora, kọ̀ǹpútà kì í sábà pariwo lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á kọ ọ́ sílẹ̀, á dákẹ́, á máa ṣọ́ ọ. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ tún gbé ọkọ̀ jáde, ìgbà náà ló máa tan iná. Ìdí nìyẹn tí iná fi lè tàn láàárọ̀, tí ọkọ̀ sì ń lọ geerege, tí ẹ ò gbọ́ ariwo, tí ẹ ò rí èéfín. Àná ni ọ̀ràn ti ṣẹ̀.

Láyé ọjọ́un, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní èdè tirẹ̀ àti ihò tirẹ̀ tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ bọ̀ láti ka kóòdù. Òfin Amẹ́ríkà ló mú ìyẹn kúrò nílẹ̀: láti orí ọkọ̀ ti ọdún 1996, gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa sọ èdè kan náà, tí wọ́n ń pè ní OBD-II. Yúróòpù tẹ̀lé e, wọ́n fi ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù bẹ̀rẹ̀ ní 2001. Èéfín tó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ ló bí òfin náà o, kì í ṣe àánú ẹni tó ni ọkọ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun ló máa jẹ́ kó yé yín bí ìdérí táńkì epo lásán ṣe lè tan iná ẹ́ńjìnì.

Ìyẹn ti tó lórí àkọ́kọ́. Ìkejì ni pé kí la máa wò kí á tó fọwọ́ kan ohunkóhun?

Ìbéèrè kan ló ṣáájú gbogbo ìbéèrè: ṣé iná náà dúró ṣinṣin ni, àbí ó ń ṣẹ́jú?

Bó bá ń ṣẹ́jú, ẹ dín eré kù, ẹ wá ibi tí kò léwu, ẹ dúró. Mo tún un sọ: ẹ dúró. Ohun tó ń wí ni pé epo kò jóná bó ṣe yẹ nínú sìlíńdà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Epo tútù yẹn ń sá gba páìpù èéfín lọ, inú kàtálísì, ẹ̀yà tó ń fọ èéfín mọ́, ló ti máa ń lọ jóná. Inú kàtálísì rí bí afárá oyin, wọ́n sì fi irin olówó iyebíye bíi pílátínọ́ọ̀mù kùn ún lára. Kò sí èyí tó fara da irú iná bẹ́ẹ̀ nínú wọn. Ọ̀rẹ́ mi kan rí iná tó ń ṣẹ́jú, ó ní, "Ilé ò jìnnà mọ́." Kóìlì kan ṣoṣo, ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, ló kú nínú ọkọ̀ náà, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ó délé lóòótọ́. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ yẹn ò lè gun òkè mọ́. Nígbà tí wọ́n tú kàtálísì rẹ̀ sílẹ̀, mo gbé e, mo mì ín: ó ń dún bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ iná pupa. Iná pupa ti ọ́ìlì, tàbí èyí tó ń sọ pé ẹ́ńjìnì ti gbóná jù, ẹjọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnì, kò sí àlàyé níbẹ̀.

Àmọ́ bó bá jẹ́ iná oníyeyè tó dúró jẹ́ẹ́, bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ tẹ́tí sí ẹ́ńjìnì: ṣé ó ń gbọ̀n? Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ẹ wò ó. Kí ẹ sì bi ara yín léèrè pé ìgbà wo ni ẹ ra epo kẹ́yìn.

Àbúrò mi obìnrin pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ́ńjìnì mi ti bàjẹ́ o!" Mo ní, "Ìgbà wo lo ra epo?" Ó ní àárọ̀ àná. Mo ní kó jáde lọ wo ìdérí táńkì. Ó dákẹ́ lórí fóònù fúngbà díẹ̀. Ó ní ó ń fì dirodiro lórí okùn rẹ̀ báyìí. Òórùn epo tó ń tú jáde láti inú táńkì wà lára ohun tí òfin èéfín yẹn kà léèwọ̀, nítorí náà kọ̀ǹpútà a máa dán táńkì wò látìgbàdégbà bóyá ó dé pinpin. Ihò tí kò ju mìlímítà kan lọ tó láti mú un bínú. Ó dé e padà títí ó fi dún kẹ́kẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó tún pè mí, ó ní irọ́ ni mo pa, iná ṣì wà níbẹ̀. Irọ́ kọ́. Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ dán an wò, á sì rí i pé ó yege ní ìgbà mẹ́ta tẹ̀léra tí ẹ gbé ọkọ̀ jáde, kó tó pa iná fúnra rẹ̀. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó pa á.

Ó dáa, ẹ̀kẹta ló kù tí mo ní ó máa jẹ àsìkò wa. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀.

Ìdérí wà níbi tó yẹ, iná ṣì ń tàn. A fẹ́ gbọ́ tẹnu ẹlẹ́rìí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ìjókòó awakọ̀, ẹ wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, lágbègbè orúnkún. Ẹ óò rí ihò fẹ̀ǹfẹ̀ kan tó ní ojú 16 nínú. Ibẹ̀ la ń ki ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù bọ̀. Òmíràn ní ojú tirẹ̀ tó ń kọ ọ̀rọ̀ jáde, òmíràn ò ju àpótí ìṣáná lọ, Bluetooth ló fi ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Méjèèjì ṣiṣẹ́. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ títí iná dáṣíbọ́ọ̀dù fi tàn, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́.

Bí ẹ̀rọ náà ò bá tan iná kankan, ẹ má tíì bú ẹni tó tà á fún yín. Bátìrì ló ń fún ihò yẹn níná, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fíúùsì kan náà ni òun àti ihò tí wọ́n fi ń tan sìgá jọ ń lò. Mo jókòó nínú ọkọ̀ fún wákàtí kan gbáko lọ́jọ́ kan, mo ń tẹ ẹ̀rọ, mo ń gbọ̀n ọ́n. Fíúùsì ni.

Kóòdù máa jáde. Ẹ jẹ́ ká sọ pé P0171 ni. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀, ó ní bí wọ́n ṣe ń kà á. P túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì tàbí jíà ni. B jẹ́ ti ara ọkọ̀, C jẹ́ ti bíréèkì àti ìsàlẹ̀ ọkọ̀, U sì jẹ́ ti àwọn kọ̀ǹpútà tí wọn ò gbọ́ ara wọn yé. Òdo tó tẹ̀lé P ń wí pé èdè gbogbo ọkọ̀ ni. Bó bá jẹ́ 1, èdè ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ni, ẹ ó wá ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Nọ́ńbà tó kàn ń sọ àdúgbò: 1 àti 2 jẹ́ ti atẹ́gùn àti epo, 3 ti iná tó ń ṣáná sí epo, 4 ti èéfín, 7 ti jíà. Méjì tó kẹ́yìn ló ń sọ ẹjọ́ náà gan-an.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. A ka kóòdù, a wá ìtumọ̀ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a rí orúkọ ẹ̀yà kan níbẹ̀, a gbọ̀nà ọjà. Àwọn àgbà ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ gbọ́ bí èmi ṣe ṣe òṣìkà.

P0171 ni tèmi. Ohun tó ń wí ni pé atẹ́gùn ti pọ̀ ju epo lọ nínú ẹ́ńjìnì. Ta ló wá sọ bẹ́ẹ̀? Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà lára páìpù èéfín ni. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo lọ ra sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tuntun. Ẹ wo nǹkan tí mo ṣe o: ẹlẹ́rìí sọ òótọ́, mo lé ẹlẹ́rìí jáde, mo gbé ẹlẹ́rìí mìíràn wọlé. Òun náà dé orí ìdúró, ó sọ ọ̀rọ̀ kan náà! Ọjọ́ mẹ́rin péré ni iná fi padà. Mo tún ra èyí tó ń wọn atẹ́gùn. Iná padà. Mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá.

Ọmọ ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan ló là mí lójú, ọmọkùnrin tí kò tíì hù irùngbọ̀n. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò béèrè ìgbà tó ṣẹlẹ̀." Bí kọ̀ǹpútà bá tan iná, ó máa ń fi àkọsílẹ̀ ìṣẹ́jú náà pamọ́: bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó, bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí tó, bó ṣe gbóná tó. Freeze frame ni wọ́n kọ sórí ẹ̀rọ. A ṣí tèmi. Eré ọkọ̀: òdo. Ẹ́ńjìnì ti gbóná, ọkọ̀ dúró lójú kan. Ìyẹn nìkan ti jẹ́ ọ̀rọ̀.

Ó tún ṣí ibòmíràn tí wọ́n kọ fuel trim sí. Nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣe àtúnṣe epo ni: bó bá ń bu epo kún un, nọ́ńbà á lọ sókè, bó bá ń dín in kù, á lọ sísàlẹ̀ òdo. Bó bá wà nítòsí òdo, àlàáfíà ni. Bó bá ti kọjá 10 sókè tàbí sísàlẹ̀, ohun kan wà níbẹ̀. Tèmi jẹ́ 22 nígbà tí ọkọ̀ dúró lójú kan. Ó ní kí n rọra tẹ epo kí ẹ́ńjìnì máa yí ní ìgbà 2,500 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí n dì í mú bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà náà ń já bọ̀ níṣojú wa: 15, 11, 6.

Kí ni ìyẹn ń sọ? Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé atẹ́gùn kan ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó ń wọlé lẹ́yìn sẹ́ńsọ̀ tó ń ka atẹ́gùn, nítorí náà kò sẹ́ni tó kà á. Nígbà tí ọkọ̀ dúró lójú kan, èémí ẹ́ńjìnì kéré, olè kan nínú èèyàn díẹ̀ á hàn kedere. Nígbà tó bá ń mí gùlegùle, olè náà á pòórá sínú èrò. Ká ní òdìkejì ló ṣẹlẹ̀, tí nọ́ńbà ń gòkè bí eré ṣe ń pọ̀, ibi tí epo ti ń wá la ò bá yẹ̀ wò, bóyá fíltà tó dí tàbí pọ́ǹpù epo tó ti rẹ̀, tàbí sẹ́ńsọ̀ atẹ́gùn tó dọ̀tí. Kóòdù kan náà ni o! P0171 náà ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eéje lọ.

A pa ẹ́ńjìnì, a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Rọ́bà ńlá kan wà tó ń gbé atẹ́gùn láti ibi fíltà lọ sínú ẹ́ńjìnì, ó ṣẹ́ra pọ̀ bí ọrùn ìjàpá. Mo ti wò ó tẹ́lẹ̀. Òkè rẹ̀ ń dán. Ọmọ náà ki ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó rọra tẹ rọ́bà náà wálẹ̀. Ó la ẹnu. Ẹnu tó gùn tó ìka ọwọ́ mi, nínú ìṣẹ́po kan, lábẹ́, níbi tójú ò dé. Bí ẹ bá fi sílẹ̀, á pa ẹnu dé bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Bí ẹ́ńjìnì bá ti gbọ̀n báyìí, á là á. Rọ́bà! Rọ́bà lásán. Sẹ́ńsọ̀ méjèèjì tí mo yọ ṣì wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi dòní, kò sí ohun tó ṣe wọ́n.

Àwọn kan máa ń fín ohun tí a fi ń fọ kábúrétọ̀ sí àyíká ẹ́ńjìnì tó ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n lè gbọ́ ibi tí ohùn rẹ̀ á ti yí padà. N kì í ṣe é, n ò sì ní kọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń gbaná ni, orí irin gbígbóná lẹ sì ń fín in sí. Ẹ fi etí gbọ́ ọ, ẹ fi ọwọ́ tẹ rọ́bà kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti tutù.

Ẹ jẹ́ ká tún wo ẹjọ́ kan, torí òun ló rọrùn jù láti dá nílé. P0303: epo ò jóná dáadáa ní sìlíńdà kẹta. Ṣé kóìlì ni, àbí púlọ́ọ̀gì, àbí ohun tó ń fín epo? Ẹ má rà nǹkan kan. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìsinsìnyí, sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ló ní kóìlì tirẹ̀ lórí. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ tú kóìlì ti ẹ̀kẹta, ẹ gbé e sórí ìkejì, ẹ gbé ti ìkejì sórí ẹ̀kẹta. Ẹ pa kóòdù rẹ́, ẹ wa ọkọ̀. Bí kóòdù bá di P0302, kóìlì náà ló jẹ̀bi: ó ṣí lọ, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tẹ̀lé e. Bó bá ṣì jẹ́ P0303, ẹ dá kóìlì sílẹ̀, ẹ fi púlọ́ọ̀gì ṣe bákan náà. Súpánà kan, sùúrù díẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ P0300, ìyẹn ni pé kì í ṣe sìlíńdà kan ṣoṣo. Bákan náà ni bí ẹ́ńjìnì tó ní ìhà méjì bá gbé P0171 àti P0174, tó ń sọ ohun kan náà nípa ìhà kejì, wá pa pọ̀. Àrùn tó ń ṣe ogójì náà ló ń ṣe ọ̀ọ́dúnrún. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ẹ wá ohun tí gbogbo wọn jọ ń lò, bí epo, bí atẹ́gùn. Ẹ má máa lọ láti ilé dé ilé.

P0420 ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹnì kan á bi mí. Ó ń wí pé kàtálísì ò fọ èéfín mọ́ bó ṣe yẹ. Nígbà mìíràn òótọ́ ni, ó ti gbó. Àmọ́ páìpù èéfín tó jò nítòsí sẹ́ńsọ̀ lè bí irú kóòdù bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kàtálísì kì í sábà kú ikú ara rẹ̀: ohun kan ló máa ń pa á. Bí ẹ bá gbé tuntun sí i láìmọ ohun tó pa ti àkọ́kọ́, ìyẹn náà á kú.

Ẹ̀kẹrin, mo fẹ́ sáré sọ ọ́. Ẹ̀rọ yín máa ní ibi tí ẹ lè tẹ̀ láti pa kóòdù rẹ́. Ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Ẹ ya àwòrán kóòdù àti freeze frame sórí fóònù ná, torí bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, àkọsílẹ̀ ìṣẹ́jú yẹn ti lọ. Bí ẹ bá yọ orí bátìrì, ohun kan náà lẹ ṣe. Àwọn ìdánwò tí kọ̀ǹpútà ti ṣe fún ara rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Níbi tí wọ́n ti ń yẹ èéfín ọkọ̀ wò, wọ́n á dá yín padà pé ọkọ̀ yín ò tíì ṣe tán.

Àwọn ibì kan wà tí èmi kì í dé nílé: wáyà tí wọ́n fi nǹkan oníyeyè wé, torí ti àpò atẹ́gùn tó ń gba ẹ̀mí là ni, páìpù tí epo ń gbà pẹ̀lú agbára, ìdérí rẹdiétọ̀ tó gbóná, àti abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Bó bá ti kan ìyẹn, mo máa ń gbé e lọ fún mẹkáníìkì. Àmọ́ ẹ wo bí ẹ ó ṣe bá a sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ tí ẹ ní, "Bá mi pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀," á pààrọ̀ rẹ̀, ẹ ó sì sanwó, kò jẹ̀bi. Ẹ sọ fún un pé: kóòdù rèé, ìgbà tí ọkọ̀ dúró ló ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà epo jẹ́ báyìí, mo ti gbé kóìlì síbòmíràn kò yí padà. Ẹ máa wo ojú rẹ̀. Á nu ọwọ́ rẹ̀, á sì jókòó.

Mo ti sọ̀rọ̀ tó. Ọkọ̀ mi wà níta, lábẹ́ igi yẹn. Iná rẹ̀ ń tàn láti àná, n ò tíì ka kóòdù rẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ dè yín ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní fóònù lọ́wọ́, ẹ wá. Ẹnì kan kó bá mi di bọ́nẹ́ẹ̀tì mú, irin tó ń gbé e dúró ti kán.